Ọba tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò ṣe é gbára lé: Charles Kìíní àti pálámẹ́ǹtì Ìlú Ọba

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ yọ̀ǹda Sátidé yín láti wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú òtútù. Mo tọrọ ìyọ̀ǹda kí n tó la ẹnu, torí ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́, tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fà mí létí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọba àti àwọn tó ń bá ọba ṣèlú. Mo wá rò ó pé dípò kí n máa rò káàkiri, ẹ jẹ́ n mú ọba kan ṣoṣo, ọba ìlú tá a wà yìí gan an, Charles Kìíní, tí wọ́n bẹ́ lórí ní January 30, 1649. Púpọ̀ nínú wa ló ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá ní Whitehall. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ibi táwọn ṣọ́jà ẹlẹ́ṣin máa ń dúró táwọn èèyàn ń bá wọn ya fọ́tò, Banqueting House ni wọ́n ń pè é. Iwájú ilé yẹn ni wọ́n ti bẹ́ ẹ. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Ojoojúmọ́ là ń kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí nìyí. Àwọn kan máa ń sọ pé owó ló dá ìjà yẹn sílẹ̀, àwọn kan ní ẹ̀sìn ni, àwọn kan ní agbára ni. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọba tó ń bá aráàlú jà lórí owó ṣì lè jókòó kí wọ́n dúnàá-dúràá kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọ̀pọ̀ ìgbà! Kí ló dé tí kò parí? Torí pé tí Charles bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó sọ ọ́ tinútinú. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ọkùnrin yìí fọ́ tiẹ̀ láti 1625 títí dé 1648, ẹ fọkàn bá mi lọ, ẹ máa rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́

November 19, 1600 ni wọ́n bí i, ní Dunfermline nílẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Kì í ṣe òun ló yẹ kó jọba o. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Henry, ni gbogbo ayé ń wò, ọmọkùnrin tó dá ṣáṣá táwọn èèyàn fẹ́ràn. Charles ní tiẹ̀, ara ẹ̀ ò le, ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ìgbà tó sì sọ̀rọ̀ tán ó ń kólòlò. Nígbà tó di 1612 Henry kú lọ́mọ ọdún 18, bí adé ṣe yí sọ́dọ̀ àbúrò nìyẹn, ọmọ tẹ́nikẹ́ni ò fojú ọba wò.

Bàbá wọn, James, ti kọ́ wọn pé Ọlọ́run ló ń fi ọba jẹ, Ọlọ́run nìkan lọba sì máa jíhìn fún. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa, ṣebí aláṣẹ èkejì òrìṣà làwa náà ń ki ọba tiwa. Àmọ́ ẹ rántí pé l'Ọ́yọ̀ọ́ àtijọ́, bí Aláàfin ṣe tóbi tó yẹn, Baṣọ̀run wà níbẹ̀, gbogbo Ọ̀yọ́ Mèsì wà níbẹ̀, tí wọ́n bá lè sọ pé àwọn kọ̀ ọ́, ọba mọ ohun tó kù fóun láti ṣe. Charles gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́, kò gbọ́ ìdajì kejì. James bàbá ẹ̀ gba ohun kan náà gbọ́, àmọ́ James mọ bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá le.

March 27, 1625 ni Charles jọba. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Henrietta Maria, ọmọ ọba Faransé, ọmọ ọdún 15, Kátólíìkì sì ni, nígbà tó jẹ́ pé ará Ìlú Ọba ayé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ Kátólíìkì láàfin àyà wọn á já.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí owó

Ọba ní ilẹ̀, ọba ní oko, àmọ́ owó ogun ò lè ti ibẹ̀ jáde. Tó bá fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ aráàlú, àfi kó pe pálámẹ́ǹtì kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọba ló ń pè wọ́n, ọba ló ń tú wọn ká, tó bá wù ú kó má pè wọ́n fún ọdún márùn-ún, kò sófin tó mú un. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ni pé kò sí owó láìsí àwọn.

Àṣà tó wà nílẹ̀ ni pé tọ́ba tuntun bá dórí ìtẹ́, pálámẹ́ǹtì àkọ́kọ́ á fún un ní owó kọ́sítọ́ọ̀mù títí ọjọ́ ikú ẹ̀, ìyẹn owó orí ọjà tó ń gba èbúté wọlé. Nígbà tó kan Charles ní 1625, àwọn ará ilé aṣòfin kékeré ní ọdún kan péré làwọn máa fún un. Ọdún kan! Ẹ wo àbùkù fún ọba tuntun. Kí ni Charles ṣe? Ó ń gba owó náà lọ bẹ́ẹ̀ láìsí àṣẹ.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí i? Wọn ò fọkàn tán ọ̀rẹ́ ẹ̀, George Villiers, Duke Buckingham. Ọkùnrin yìí ló ń darí ogun, kò sì sí èyí tó lọ tó yọrí sí rere. 1625 wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi lọ bá Sípéènì jà ní Cadiz, àwọn ṣọ́jà débẹ̀ wọ́n rí ọtí wáìnì, wọ́n mu ún yó kẹ́ri, wọ́n pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. 1627 ó tún kó èèyàn lọ sí Faransé, ìyẹn náà bàjẹ́. Pálámẹ́ǹtì ní 1626 fẹ́ fẹ̀sùn kan Buckingham kí wọ́n yọ ọ́, Charles kàn tú pálámẹ́ǹtì ká ni, torí ọ̀rẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n wá gún Buckingham lọ́bẹ pa ní Portsmouth ní August 1628, àwọn aráàlú ń yọ̀ lójú pópó, ọba ń sunkún nínú yàrá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọba àti aráàlú ti jìnnà síra dé nìyẹn.

Láàárín ìgbà yẹn owó ṣì wọ́n o. Charles ní kí àwọn olówó yá òun lówó tipátipá. Àwọn tó kọ̀, ó sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Márùn-ún nínú wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n ní kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ táwọn ṣẹ̀ fáwọn. Ẹ mọ ìdáhùn tí wọ́n rí? Pé àṣẹ ọba ni. Ó tán.

Ló bá di 1628, owó tún tán lọ́wọ́ ọba, ó pe pálámẹ́ǹtì. Wọ́n kọ ìwé kan síwájú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Petition of Right, nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀: ko má gba owó orí tí pálámẹ́ǹtì ò fọwọ́ sí, ko má ti èèyàn mọ́lé láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ko má kó ṣọ́jà sínú ilé onílé, ko má fi òfin ológun dájọ́ fún aráàlú tí kì í ṣe ológun. Ṣé ó burú? Ọba yí ọ̀rọ̀ po, ìdáhùn tó kọ́kọ́ fún wọn ò lórí kò nídìí, wọ́n ní àwọn ò gbà á. Nígbà tó di June 7 ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí òfin fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọba. Wọ́n lu agogo ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dáná ayọ̀ káàkiri títì.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ń lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé yẹn jáde fún aráyé, Charles ní kí wọ́n tẹ ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ti kọ̀, àti ọ̀rọ̀ míì tó fi ń ṣàlàyé pé ohun táwọn aṣòfin rò pé òun gbà kọ́ lòun gbà. Ọba kan, ìwé kan, ìdáhùn méjì. Látọjọ́ yẹn lọ, kí lẹ rò pé àwọn aṣòfin á máa rò tọ́ba bá sọ pé òun ti gbà?

Ọjọ́ tí wọ́n di Sípíkà mú sórí àga

March 2, 1629. Charles ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n túká. Sípíkà, John Finch, fẹ́ dìde kúrò lórí àga, tó bá sì ti dìde ìjókòó ti parí nìyẹn. Àwọn aṣòfin méjì, Denzil Holles àti Benjamin Valentine, sáré lọ bá a, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga! Holles búra, ó ní á jókòó síbẹ̀ títí á fi wù wá láti dìde. Sípíkà ń sunkún. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ìránṣẹ́ ọba ń kanlẹ̀kùn níta, àwọn tó wà nínú ilé ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, sí ìpinnu tí Sir John Eliot kọ sílẹ̀ pé ẹni tó bá san owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí pálámẹ́ǹtì ò fọwọ́ sí, ọ̀tá ìlú ni.

Wọ́n kó Eliot lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Tower. Kò bẹ̀bẹ̀. Ikọ́ pa á síbẹ̀ ní November 1632. Ọmọ ẹ̀ kọ̀wé sọ́ba pé kí wọ́n jẹ́ kóun gbé òkú bàbá òun lọ sin sílé ní Cornwall. Charles kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé kí wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò tó kú sí. Òkú o! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ohun tí ilé ẹni jẹ́ fún òkú. Èmi ò lè ka ìlà yẹn kí inú mi má bàjẹ́. Ọba tó lágbára láti foríji òkú, tí ò ná an ní kọ́bọ̀, tó wá sọ pé rárá.

Ọdún mọ́kànlá láìsí pálámẹ́ǹtì

Láti 1629 di 1640, Charles ò pe pálámẹ́ǹtì rárá. Ó wá owó lọ́nà míì. Owó kan wà tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìlú etí òkun nígbà ogun, owó ọkọ̀ ojú omi. 1634 ó gbà á. 1635 ó ní kí gbogbo ìlú san án, títí kan àwọn tí wọn ò rí òkun rí láyé wọn, kò sì sí ogun tó ń jà. Ọkùnrin kan, John Hampden, ní òun ò san. Wọ́n ní 20 ṣílè ni kó san, olówó ni, kì í ṣe pé kò ní in. Ó lọ sí kọ́ọ̀tù lórí 20 ṣílè. Adájọ́ méjìlá ló dá ẹjọ́ yẹn ní 1638, méje dá ọba láre, márùn-ún ní Hampden ló jàre. Ọba jàre lórí ìwé, àmọ́ gbogbo ìlú ti gbọ́ pé adájọ́ ọba márùn-ún sọ pé ọba jẹ̀bi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. William Laud, ẹni tó fi ṣe Áshíbíṣọ́ọ̀bù ní 1633, fẹ́ kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì máa ṣe bákan náà, pẹpẹ, aṣọ, ìtẹríba. Àwọn mẹ́ta tó kọ̀wé lòdì sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, Prynne, Burton àti Bastwick, wọ́n gé wọn létí ní gbangba ní 1637. Lọ́yà ni ọ̀kan, àlùfáà ni ọ̀kan, dókítà ni ọ̀kan, kì í ṣe àwọn jàǹdùkú.

Àwọn èèyàn rò pé báyìí ló máa ṣe lọ títí ayé. Ilé aṣòfin Faransé àti ti Sípéènì náà ti ń kú lọ nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ pé Charles dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́, bóyá à bá má ti pàdé níbí sọ̀rọ̀ ẹ̀. Àmọ́ kò dúró o.

1637 ó fi ìwé àdúrà tuntun ránṣẹ́ sí Skọ́tíláǹdì. July 23, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Giles ní Edinburgh, bí àlùfáà ṣe ṣí ìwé náà, ìjà bẹ́, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí ju àpótí ìjókòó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Skọ́tíláǹdì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní gbà, wọ́n sì kó ogun jọ. Ogun ni o, ogun sì nílò owó. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n Charles ò wò ó.

April 1640 ó pe pálámẹ́ǹtì, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyà ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tú wọn ká. Àwọn ará Skọ́tíláǹdì wọlé, wọ́n gba Newcastle, wọ́n ní kó máa san £850 fáwọn lójoojúmọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ọba ò lówó, ọba ò ní ṣọ́jà tó gbójú. November 3, 1640 pálámẹ́ǹtì míì jókòó. Ìyẹn lèyí tí kò lè tú ká.

Orí Strafford

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí. Thomas Wentworth, Earl Strafford, ni ọwọ́ ọ̀tún ọba, ọkùnrin tó le, tó sì mọṣẹ́. Pálámẹ́ǹtì mọ̀ pé tí ọkùnrin yìí bá wà láàyè, àwọn ò lè sùn. Wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, ó gbèjà ara ẹ̀ dáadáa débi pé ẹjọ́ fẹ́ dà nù mọ́ wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá yí ọwọ́ pa dà, wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n pa á. Òfin yẹn nílò ọwọ́ ọba.

Charles ti kọ̀wé sí Strafford tẹ́lẹ̀. Ó ní lórí ọ̀rọ̀ ọba, kò sóhun tó máa ṣe ẹ̀mí ẹ̀, tàbí iyì ẹ̀, tàbí dúkìá ẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ọba! Àwọn èèyàn wá yí ààfin ká tí wọ́n ń pariwo, ọba ń bẹ̀rù fún ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀. Strafford fúnra ẹ̀ kọ̀wé pé kí ọba fọwọ́ sí i, òun dá ọba sílẹ̀. Charles fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ó rán ọmọ ẹ̀ sáwọn aṣòfin pé kí wọ́n ṣàánú, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà pé tí wọ́n bá sì ní àfi kó kú náà ni, kí wọ́n jẹ́ kó di Sátidé. May 12, 1641 wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Nínú gbogbo ayé ẹ̀, ohun kan ṣoṣo yìí ni Charles gbà títí tó fi kú pé òun ṣẹ̀. Àmọ́ ẹ wo nǹkan tó kọ́ àwọn tó kù: àwọn ọ̀rẹ́ ọba mọ̀ pé ìlérí ọba ò lè gbà wọ́n, àwọn ọ̀tá ọba mọ̀ pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ó máa tẹ̀.

January 4, 1642

Ọdún yẹn 1641, ọba fọwọ́ sí òfin lórí òfin. Pé pálámẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ máa jókòó lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Pé òun ò lè tú èyí ká láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn gbà. Wọ́n fagi lé owó ọkọ̀ ojú omi. Ẹ rò ó wò, gbogbo ohun tí wọ́n bèèrè fún ni wọ́n ti rí gbà! Kí wá ni wọ́n tún ń bá a jà sí? Nígbà tí àwọn Kátólíìkì dìde ogun ní Ireland ní October, ó yẹ kí wọ́n kó ọmọ ogun jọ, ìbéèrè wá dé: ta ni ọmọ ogun yẹn máa wà lábẹ́ ẹ̀? Tí wọ́n bá fi sábẹ́ ọba, ṣé Ireland ló máa kó wọn lọ, àbí Westminster níbi tí pálámẹ́ǹtì wà? Wọn ò fọkàn tán an. Ìwé ẹ̀sùn gígùn tí wọ́n kọ lòdì sí i ní November, ìbò 159 sí 148 ló fi wọlé, ó fi hàn pé ó kù díẹ̀ kí ìdajì ilé pa dà sẹ́yìn ọba. Ká ní ó ní sùúrù oṣù díẹ̀ péré. Sùúrù ni ò ní.

Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ̀sùn kan ìyàwó òun. Ó ní kí wọ́n mú aṣòfin márùn-ún wá fún ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀: John Pym, John Hampden, Denzil Holles, Arthur Haselrig, William Strode. Wọn ò mú wọn wá. Ni ọba fúnra ẹ̀ bá kó bí 400 ọkùnrin tó dira ogun, ó lọ.

Ẹ fojú inú wò ó. Ilé aṣòfin kún, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu káwọn tó wà nínú lè rí idà àti ìbọn àwọn tó wà níta. Ọba wọlé, ó ṣí fìlà, gbogbo wọn dìde, àwọn náà ṣí fìlà. Ó rìn lọ síwájú, ó ní kí Sípíkà jọ̀ọ́, òun fẹ́ yá àga ẹ̀. Ó bèèrè: ṣé Pym wà níbí? Kẹ́kẹ́ pa. Holles ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó kọjú sí Sípíkà, William Lenthall, pé kó fi wọ́n han òun. Lenthall, ọkùnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ láyà tẹ́lẹ̀, kúnlẹ̀ níwájú ọba, ó ní: Kábíyèsí, mi ò lójú tí mo fi lè ríran, mi ò láhọ́n tí mo fi lè sọ̀rọ̀ níbí yìí, àfi bí ilé yìí tí mo jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe pa á láṣẹ fún mi.

Ọba wò yíká, ó ní gbogbo ẹyẹ ti fò lọ. Àwọn márààrún ti wọ ọkọ̀ lójú odò Thames lọ sínú ìlú. Bó ṣe ń jáde, wọ́n ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀ pé ẹ̀tọ́ wa, ẹ̀tọ́ wa!

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ẹ̀, January 10, Charles kó ìyàwó àtọmọ, ó sá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà tó máa tún fojú kan Whitehall, ẹlẹ́wọ̀n ni.

Ogun

Mi ò ní pẹ́ lórí ogun. August 22, 1642 ó ta àsíá ogun ní Nottingham. Edgehill ní October ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun. Marston Moor ní 1644, ọba pàdánù àríwá. Àwọn ọmọ ogun tuntun tí pálámẹ́ǹtì kó jọ, Fairfax ló ń darí wọn, Oliver Cromwell ló ń darí àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n fọ́ ọba túútúú ní Naseby, June 14, 1645.

Èèyàn kan ṣá ni mo fẹ́ dárúkọ, Sir Edmund Verney, ẹni tó ń gbé àsíá ọba. Ó gbà pé ọba ni kò tọ́, ọmọ ẹ̀ Ralph wà lẹ́yìn pálámẹ́ǹtì. Àmọ́ ó ní òun ti jẹ oúnjẹ ọba, òun ti sìn ín bí ọgbọ̀n ọdún, òun ò lè hu ìwà àbùkù kóun fi í sílẹ̀. Wọ́n pa á ní Edgehill tòun tàsíá lọ́wọ́. Irú èèyàn tó ń kú fún ọba yìí nìyẹn, ó dùn mí gan an.

Ní Naseby wọ́n rí àpótí lẹ́tà ọba gbà. Wọ́n ṣí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ohun tó ń sọ fún pálámẹ́ǹtì ọ̀tọ̀, ohun tó ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ nílẹ̀ Faransé ọ̀tọ̀, ó ń wá ọmọ ogun Kátólíìkì láti Ireland, ó ń wá ti òkè òkun. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ẹlẹ́wọ̀n tó ń bá ẹni mẹ́ta dúnàá-dúràá

May 1646 ó lọ fa ara ẹ̀ lé àwọn ará Skọ́tíláǹdì lọ́wọ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1647 wọ́n gba owó wọn, wọ́n fà á fún pálámẹ́ǹtì. June ọdún yẹn, ọ̀gá ṣọ́jà kékeré kan, Joyce, wá gbé e ní Holmby House. Ọba bi í pé ìwé àṣẹ ẹ̀ dà? Joyce nawọ́ sáwọn ṣọ́jà tó tò sẹ́yìn ẹ̀. Charles ní ìwé yẹn dára, òun sì lè kà á.

Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí àǹfààní tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ogun tó jà ló pàdánù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rò pé ìlú lè wà láìsí ọba. Pálámẹ́ǹtì ń bẹ̀ ẹ́ kó gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ogun fi èyí tó rọ̀ jùyẹn lọ lọ̀ ọ́. Skọ́tíláǹdì náà wà níbẹ̀. Charles rò pé tóun bá ń fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n máa bá ara wọn jà, òun á sì pa dà síbi tóun wà. November 1647 ó sá kúrò ní Hampton Court lọ sí Carisbrooke, ní erékùṣù Wight, ibẹ̀ náà wọ́n tún tì í mọ́lé. December 26 ó tọwọ́ bọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú àwọn ará Skọ́tíláǹdì pé kí wọ́n wá bá òun gbógun ti pálámẹ́ǹtì.

Ìyẹn ló dá ogun kejì sílẹ̀ ní 1648. Ogun kejì yìí ló yí ọkàn àwọn ṣọ́jà pa dà. Wọ́n kóra jọ sí Windsor, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sunkún, wọ́n jáde pẹ̀lú ìpinnu pé Charles Stuart, ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀, gbọ́dọ̀ jíhìn. Èmi ò fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀, àmọ́ ohun tó ń dùn wọ́n yé mi. Wọ́n ti sin àwọn arákùnrin wọn lẹ́ẹ̀kan, ọba tún ní kí wọ́n wá sin àwọn míì.

Pálámẹ́ǹtì tún lọ bá a sọ̀rọ̀ ní Newport. Ó gba èyí, ó gba tọ̀hún. Ó wá kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní October yẹn pé ohun ńlá tóun gbà lónìí, kóun lè rí ọ̀nà sá lọ ni. Kí lẹ fẹ́ kí n tún sọ? December 5 àwọn aṣòfin dìbò pé kí ìjíròrò máa lọ. December 6, Colonel Pride tò àwọn ṣọ́jà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lé gbogbo aṣòfin tí wọn ò fẹ́ dànù. Ẹ fojú sí i o: ọba kó ṣọ́jà wọ ilé yẹn ní 1642, gbogbo ayé pariwo, nígbà tí 1648 fi máa parí, àwọn tó ń jà fún ilé náà gan an ló kó ṣọ́jà wọ̀ ọ́.

Ẹjọ́ àti ikú

January 20, 1649, Westminster Hall. Èèyàn 135 ni wọ́n yàn láti dá ẹjọ́, ọ̀pọ̀ ò yọjú. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Fairfax, obìnrin kan pariwo látòkè pé Fairfax gbọ́n ju kó wá síbí lọ. Ìyàwó ẹ̀ ni. Adájọ́ àgbà, John Bradshaw, bẹ̀rù débi pé ó fi irin tẹ́ inú fìlà ẹ̀, fìlà yẹn ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Ashmolean ní Oxford títí dòní, ẹ lè lọ wò ó.

Bí agbẹjọ́rò, John Cook, ṣe fẹ́ ka ẹ̀sùn, ọba fi ọ̀pá ẹ̀ kàn án léjìká pé kó dúró. Orí fàdákà tó wà lórí ọ̀pá já bọ́ sílẹ̀. Charles dúró kí ẹnì kan bá òun mú un. Kò sẹ́ni tó mira. Ọba fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

Ọkùnrin tó ń kólòlò látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní: àṣẹ wo lẹ fi pè mí wá síbí? Àṣẹ tó tọ́ ni mò ń bèèrè, torí àṣẹ tí kò tọ́ pọ̀ láyé, olè wà lójú ọ̀nà. Ó kọ̀ láti jẹ́jọ́ rárá. Lóòótọ́, ìbéèrè ẹ̀ le o, kò sẹ́ni tó rí ìdáhùn gidi fún un, torí òfin wo ló wà tó ní aráàlú lè dá ọba lẹ́jọ́? January 27 wọ́n dá ẹjọ́ ikú. Ẹni 59 ló fọwọ́ sí ìwé náà.

January 29 wọ́n mú ọmọ ẹ̀ méjì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá, Elizabeth ọmọ ọdún 13 àti Henry ọmọ ọdún 8. Ó gbé Henry lé itan, ó ní wọ́n máa bẹ́ orí bàbá ẹ, bóyá wọ́n á fẹ́ fi ọ́ jọba, o ò gbọ́dọ̀ gbà níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ Charles àti James bá wà láàyè. Ọmọ náà ní kí wọ́n fa òun ya ná.

Ọjọ́ kejì òtútù mú gan an. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì kí ara ẹ̀ má gbọ̀n, káwọn èèyàn má rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n mú un gba inú Banqueting House kọjá, lábẹ́ àwòrán tí òun fúnra ẹ̀ ní kí Rubens yà sí àjà láti fi yin bàbá ẹ̀. Lórí pẹpẹ ikú yẹn ó sọ pé ìdájọ́ tí kò tọ́ kan tóun jẹ́ kó wáyé, ìdájọ́ tí kò tọ́ náà ló wá ń jẹ òun níyà. Strafford ló ń sọ. Ó tún sọ pé ará ìlú àti ọba, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Títí dé ibẹ̀, kò yí i pa dà. Aago méjì ọ̀sán ti lọ díẹ̀ nígbà tí àáké sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ẹ̀

Wọ́n fagi lé ipò ọba, wọ́n fagi lé ilé aṣòfin àgbà. Nígbà tó di April 20, 1653, Cromwell fúnra ẹ̀ kó ṣọ́jà wọlé, ó lé àwọn aṣòfin tó kù, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ ilé náà kúrò níwájú òun bí ohun ìṣeré. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ọ̀pá àṣẹ ilé aṣòfin Ìbàdàn tó dá nínú ìjà ní May 25, 1962. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yìí la ti rí àṣà ọ̀pá yẹn. Cromwell kú ní 1658, May 1660 Charles Kejì wọ Lọ́ńdọ̀nù, aráàlú ń jó. James, ẹ̀gbọ́n Henry kékeré tí bàbá wọn gbé lé itan lẹ́ẹ̀kan, jọba ní 1685, òun náà gbìyànjú ọ̀nà bàbá ẹ̀, 1688 ó sá lọ sí Faransé. 1689 ni wọ́n wá kọ ọ́ sínú òfin gedegbe pé ọba ò lè gba owó láìjẹ́ pé pálámẹ́ǹtì fọwọ́ sí i. Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sí abala 80, ẹ máa rí ọmọ ọmọ òfin yẹn níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ owó nínú àpò ìjọba láìsí àṣẹ ilé aṣòfin.

Títí dòní, tọ́ba bá fẹ́ ṣí pálámẹ́ǹtì níbí, ilé àwọn Lọ́ọ̀dù ló máa jókòó sí, kì í dé ilé àwọn aṣòfin kékeré. Ó máa rán ẹnì kan lọ pè wọ́n, wọ́n á sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ ìránṣẹ́ náà lójú, àfi tó bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á sì fi aṣòfin kan sílẹ̀ láàfin Buckingham bí ẹni tí wọ́n fi dúró títí ọba á fi pa dà délé láyọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún ṣe é, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ pe àwọn ọmọ yín sídìí ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ìtàn January 4 fún wọn.

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ méjì lẹ́yìn lọ́hùn-ún, màmá ló kọ́kọ́ nawọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé máìkì dé ọ̀dọ̀ wọn.